Káàdì Mẹ́wàá Tí Àńtí Fún Mi

Mo ra bàtà ní East Street ní Sátidé tó kọjá. Bí mo ṣe ṣí páálí rẹ̀, òórùn tó jáde gbé mi padà sí yàrá Àńtí ará Slovenia tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Barking nílùú ọba nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Páálí bàtà kún yàrá náà dé àjà. Inú wọn ni Àńtí ń kó ọ̀rọ̀ abúlé rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ kan lórí káàdì kan, tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún ìwé atúmọ̀ èdè wọn ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fún mi ní káàdì mẹ́wàá tí kò sí nǹkan kan lórí wọn.

Ó ní, "Lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ àgbà."

Màámá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkìtì dé ni. Bí mo ṣe jíṣẹ́, ó bọ́ súwẹ́tà, ó wé gèlè, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó wá ń dárúkọ ewéko, iṣu, àti oríṣiríṣi òjò, Èkìtì pọ́ńbélé. Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, mi ò sì béèrè, torí kàtúùnù ń lọ lórí tẹlifíṣàn. Mo kàn ń fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ bí ẹni tó ń kọ̀wé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á dúró dè mí.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí mo sọ nù, kò sí ẹni tó lè tún un sọ fún mi mọ́.

Màámá Àgbà ò mọ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba káàdì kẹwàá lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àṣé báyìí lọ̀rọ̀ wa ṣe lẹ́wà tó!"