Bàtà tí ọmọ mi fi ránṣẹ́

Lónìí, èmi arúgbó yìí fẹsẹ̀ rìn láti Odomẹ̀ta dé inú ọjà Kétu, kò sẹ́ni tó lè lé mi bá.
Ó dáa, ewúrẹ́ kan ṣáájú mi.

Ọmọ mi obìnrin ló fi bàtà tẹnísì ránṣẹ́ láti Kútọnu, pé kí n máa fi rìn lójoojúmọ́ kára mi lè le. Ọwọ́ ni mo fi gbé e. Bí èmi àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn kó tó kú: a ó gbé bàtà lọ́wọ́ kó má baà tètè jẹ, a ó jókòó sídìí igi oṣè lẹ́nu ìlú, a ó fi ewé nu ẹsẹ̀, ká tó wọ̀ ọ́.

Níbi tí mo ti ń nu ẹsẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan bá mi.
"Bàbá Ìyábọ̀, ta lẹ ń tọ́jú bàtà dè?"
"Ìwọ ni. Lọ múra."
"Ẹnu yín ò ní í gbó." Ó wo ẹ̀gbẹ́ mi. "Ẹ ṣì fàyè sílẹ̀ fún Ìyá Ìyábọ̀."
N kò mọ̀ pé mo fàyè sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé bàtà lọ́wọ́ rí, ta lẹ jọ ń rìn? Ẹ kọ ọ́ síbí.

Ìyábọ̀, irọ́ ni mo pa lókè yẹn, n kò wọ ìlú. Ìdí igi yẹn ni mo jókòó sí títí onísẹmíjàn fi fi alùpùpù gbé mi relé. Bàtà rẹ ò tíì kanlẹ̀.