Tíréè Ìyá Mi Lẹ́bàá Fèrèsé

Bí èéfín púpurù bá ti kàn mí nímú, ojú ló kọ́kọ́ máa ń tì mí kí ebi tó pa mí. Ìwọ náà mọ òórùn náà: ẹ̀gẹ́ tó ti kan, tí wọ́n mọ róbótó, tó ń gbẹ lórí àjà bí igi ṣe ń rú èéfín lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ló ń yan án lẹ́yìnkùlé wa ní Òde-Ayé, lọ́dún tí mo parí àgùnbánirọ̀ tí mo padà sílé wá máa wáṣẹ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá mi rárá nígbà náà. Mo gba tíréè onírin tó ń dán lọ́wọ́ ìyá mi, mo tẹ̀ ẹ́ kó jinkòtò díẹ̀, mo so ẹ̀rọ wáífáì kékeré mi mọ́ àárín rẹ̀, mo sì dè é mọ́ orí ọparun kan tí mo rì lẹ́bàá fèrèsé. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lọ́nà Òkìtìpupa ni mo kọjú rẹ̀ sí. Àfi bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún un bí ọ̀jọ̀gbọ́n pé bí tíréè bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.

Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí ayélujára, mo de táì, mo sì kìlọ̀ fún ìyá mi.

“Màámi, bí mo bá ti wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí o.”

“Mo gbọ́, ọma mi.”

A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí afẹ́fẹ́ òjò fi dé. Ojú àwọn tó ń bi mí léèrè gan pa sójú kọ̀ǹpútà. Kí n tó pe Jésù, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ padà. Obìnrin tó ṣáájú wọn rẹ́rìn-ín, ó bi mí báwo ni mo ṣe ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò lábúlé. Àyè gbà mí. Mo ròyìn tíréè, mo wá fi kún un pé, “Ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Èmi nìkan ni mo máa ń dá yanjú ìṣòro mi.”

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà tí mo gbọ́ orin Aládùúrà lábẹ́ fèrèsé, ohùn ìyá mi ni, jẹ́ẹ́jẹ́. Òórùn púpurù tó ń jóná sì tẹ̀ lé e wọlé. Inú bí mi. Mo ní obìnrin yìí ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí iná, orin ló ń kọ, ó sì fẹ́ kó ìtìjú bá mi. Mo na ọwọ́ kọjá kọ́tìnì, mo ti fèrèsé pa láìwòta.

Nígbà tá a parí, mo jáde láti lọ ṣàròyé. Ọparun mi ti ṣẹ́ ní ìdí. Ìyá mi ló di ohun tó kù mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé tíréè náà ga kọjá orí rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ síbi tí mo kọjú rẹ̀ sí gan-an. Òjò ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Lórí àjà lábẹ́ páànù, púpurù ọjọ́ náà ti di èédú.

“Ọma mi, ṣé wọ́n ti parí? Ṣé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

“Màámi, kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

“Ṣebí o ní kí n má pè ọ́. Ìgbà tí apá fẹ́ máa rọ̀, mo gbé orin lé e.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “O mà ṣeun tí o rántí ti fèrèsé. Òjò ì bá ta sí ọ lára.”

Mi ò lè sọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ tì í. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ náà. Títí di òní, bí ọ̀gá mi bá ń fi mí yangàn pé mo mọ bí a ṣe ń dá yanjú ìṣòro, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n ní. Ọwọ́ ìyá mi ni mo fi sọ tèmi, mo sì ní ọwọ́ mi nìkan ni.