Èjìká Kan Ga Ju Èkejì Lọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi obìnrin padà fún màmá télọ̀ wa ní Ajangbádì, torí èjìká kan ń ga ju èkejì lọ.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń tòògbé nídìí máṣíìnì ni?"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Aṣọ mi gún, tíṣà. Ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ yín." Ìhà ọ̀tún rẹ̀ yọ gọngọ. Ọmọ ọdún méjìlá! Aṣọ fífẹ̀ ni mo máa ń rán fún un kó lè lò ó pẹ́. Mi ò rí i rí.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bó ń jẹun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò.

Ní ọsibítù, dókítà ní a tètè dé: bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn lè má jẹ́ kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó béèrè bóyá ẹlòmíì nínú ẹbí ní irú rẹ̀, torí ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé.

"Rárá o!"

"Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀, mà."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi pariwo lẹ́yìn mi: "Mọ́mì, tiyín náà wọ́!" Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹlẹgbẹ́. Èmi ti ń wá fóònù: àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nílé ní Ìbà, a ò sì tíì wo ẹ̀yìn tirẹ̀.