Adìẹ Tó Jinná Ṣáájú Mi

Òórùn awọ obì tó ti rà ló máa ń jí wa láàárọ̀ ní agbolé wa ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ tó wà létí ọ̀sà. Ìyá mi ń ta obì, àwa ọmọ a sì jókòó yí igbá omi tí a rẹ obì sí ká, a ó máa bó awọ funfun náà kúrò. Ọwọ́ mi yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó kan wà lára ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún mi, ìka tó kéré jù. Ó le, ó rí bí awẹ́ obì, kò sì dùn mí rárá. Oníka-Obì ni wọ́n ń pè mí. Èmi rò pé egungun tó wú ló lágbára.

Ìyá mi ti ṣèlérí pé èmi náà yóò bá òun gba ọ̀nà Likosi lọ sí Ìkòròdú, kí n lè fojú kan ọ̀sà. Bí ọjọ́ ti ń súnmọ́, mo fa okùn ẹnu apẹ̀rẹ̀ kan, ìka náà ró kẹ́, ó kán.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbído, àgbà obìnrin tó ń to egungun. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó dá ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó fi ewé àti igi pẹlẹbẹ dì í, ó sì di ìka mi bákan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ìka mi ti san nìyẹn. Àgbàdo mi ni mo ń fún un jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi a máa bi mí pé, “Oníka-Obì, ṣé o ti kí ọ̀gá rẹ láàárọ̀ yìí?”

Adìẹ rìn. Ó tilẹ̀ sáré. Bàbá mi tú ìdè ọwọ́ mi, mo sì yára lọ gbé apẹ̀rẹ̀ mi. Kẹ́. Ibì kan náà ló tún kán. Mo sunkún ọ̀sà ju bí mo ṣe sunkún ìka lọ.

Ìyá Ìbído padà wá, ó tẹ kókó náà wò pẹ́. Ìyá mi bi í pé, “Ìyá, ṣé ọ̀tá ló ń bá a jà?”

“Rárá o. Adìẹ kò ní kókó. Egungun ọmọ yìí wú, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ṣé igbá tó tóbi jù ló nípọn jù ni? Kò ní pa á, ṣùgbọ́n bó bá ń fi ìka yìí gbé ẹrù, yóò máa kán. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ nínú ìdè.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìwọ, sinmi adìẹ wíwò. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú àṣà náà o. Egungun tó mọ́, tí kò wú, ni wọ́n ṣe é fún.

Ìyá mi ní, “Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àṣàkẹ́. Ọ̀sà kò ní gbẹ.”

Kò gbẹ lóòótọ́. Nígbà ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, mo ru obì díẹ̀ lórí, mo fi ọwọ́ òsì di ìró ìyá mi mú, mo sì dúró létí omi tó fẹ̀ ju bí mo ti rò lọ.

Kókó náà ṣì wà. Kò kán mọ́, torí n kì í fi gbé nǹkan. Nígbà náà, ẹsẹ̀ adìẹ ni mo fi ń wọn ara mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, bí òbí kan bá wá ráhùn pé ọmọ aládùúgbò ti ń kàwé, tòun kò tíì mọ̀ ọ́n, mo máa ń sọ ìtàn adìẹ yìí fún un, n ó sì na ọmọńdinrín mi sí i pé kó tẹ̀ ẹ́ wò, jẹ́jẹ́.