Àmín Tí Bàbá Mi Ṣe

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òrùlé ilé wa ti dé kí ilé fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé onílé ni a ń gbé ní Mushin nígbà náà, nínú yàrá tí èmi àti ìyá àgbà ń sùn ni bàbá mi sì kó páànù tuntun jọ sí. Ó tò wọ́n ti ògiri, ó fi ẹní àtijọ́ bò wọ́n. Bí mo bá yí ara padà lójú oorun, ìgbọ̀nwọ́ mi á gbá a, páànù á dún gbàn-ùn, ìyá àgbà á sì bú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa ṣírò ohun tí ilé yóò gbà fún kọngílá kan ní Ìlúpéjú. Bí wọ́n bá ti gbé àwòrán ilé síwájú rẹ̀, yóò sọ iye sìmẹ́ńtì tí yóò mu, iye típà yanrìn, iye pákó, àti ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró bí owó bá ń tán lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n wá gba ìmọ̀ràn lórí ilé tiwọn. Ohun kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo wọn. “Ẹ ra páànù yín kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Páànù kì í jẹrà. Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀n òrùlé tí apá yín ká, ẹ ti mọ ìwọ̀n ilé tí ẹ lè kọ́ nìyẹn. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.” Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ẹni tó bá gbọ́ràn á wọ ilé rẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ìyá àgbà yìí ni ìyá tó bí bàbá mi. Láti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti mú un wá nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ilé onílé kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá. Àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà wa, a sì ní láti gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó onílé kò gbà kó sá èlùbọ́, ó ní àgbàlá òun kì í ṣe oko. Ìyá àgbà kì í jà. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun kú sí ilé ẹni ẹlẹ́ni, kí òun sùn sí ilé ọmọ òun.

Yàrá tirẹ̀ ni bàbá mi kọ́kọ́ yà sínú àwòrán ilé wa. Ilé ilẹ̀ ni, kò ga, kò sì tóbi. Yàrá ìyá àgbà wà nítòsí ilé ìdáná, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, kò sí àtẹ̀gùn kankan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi mú ìka ìyá àgbà, ó fi tọ ojú ìwé náà kiri títí ó fi mọ yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá àgbà bá ti jí láàárọ̀, yóò na ọwọ́ sí ògiri, yóò fi ìka kan páànù, yóò ní, “Ilé mi, ṣé dáadáa lo jí?” Inú mi máa ń dùn láti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lórí ilẹ̀ tí bàbá mi rà ní Sùúrùlérè, àwọn ẹbí wá láti ilé. Ẹ mọ̀ pé àgbà ìdílé ló máa ń fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀, òun náà ló sì máa ń gbàdúrà sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni àgbà wa. Ènìyàn rere ni, kí ẹ má ṣì í gbọ́. Kòkó oko rẹ̀ ló ń tà tí ó fi rán bàbá mi níléèwé. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ilé yìí kò ní mọ nílẹ̀! Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni! Òkè rẹ̀ ni a ó ti máa wo Èkó. Ìyá wa yóò jókòó lókè, yóò máa wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀!”

Gbogbo ènìyàn hó àmín. Ti ìyá àgbà ló ròkè jù, ayọ̀ ń yọ lójú rẹ̀. Mo wo bàbá mi. Ó wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣe àmín.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí ìyá mi ti ń fọ abọ́, mo gbọ́ tó ń bẹ bàbá mi. “Bàbá wọn, àdúrà ni, kì í ṣe àwòrán ilé. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí àwa kọ́ èyí tí apá wa ká.”

Bàbá mi ní, “Ẹni tó rán mi níléèwé ló gbà á. Ìyá mi ṣe àmín sí i. Èmi náà ṣe é, gbogbo ẹbí gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ ilé ilẹ̀ lé irú àmín bẹ́ẹ̀ lórí?”

Bí ó ṣe ya àwòrán mìíràn nìyẹn. Ìpìlẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ti ilé ilẹ̀. Ó ní láti jìn, ó ní láti gba irin púpọ̀. Àtẹ̀gùn tí a ó gbà dé òkè sì ní láti wà níbì kan, ibi kan ṣoṣo tó sì gbà á ni yàrá ìyá àgbà. Bàbá mi sún un lọ sẹ́yìn, níbi tí oòrùn kì í dé.

Kí ó lè ra irin, ó ta páànù. Ẹni tó rà á wá pẹ̀lú ọmọlanke nígbà tí ìyá àgbà wà lẹ́yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó na ọwọ́ bí ìṣe rẹ̀, ó kan ògiri. Ó tún kàn án. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ aṣọ. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo Èkó dìde sí ilé kíkọ́. Owó epo ń wọlé, àfikún owó oṣù dé, ìjọba ń ṣe afárá àti títì, ẹni tó ń ta àkàrà pàápàá ń wá ilẹ̀ rà. Sìmẹ́ńtì wá wọ́n bí ojú. Iye tí wọ́n bá pè é láàárọ̀, wọn kò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi tó ń sọ ibi tí gbogbo ayé yóò ti dá iṣẹ́ dúró, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Ògiri ga ju fèrèsé lọ díẹ̀, iṣẹ́ dúró. Koríko hù nínú pálọ̀, ewúrẹ́ àdúgbò ń sùn síbẹ̀.

Ìyá àgbà pè é lọ́jọ́ kan. “Ọmọ mi, o ò ṣe fi ohunkóhun bo yàrá kan fún mi? Kódà kó jẹ́ ewé. Yàrá kan tó mi.”

“Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì ń bọ̀ ní èbúté Apápá.”

Bàbá mi lè bo yàrá kan nígbà náà. Títí di òní ló ń dùn mí pé ó lè bò ó. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé kó wá bá páànù níbi tó ti gbàdúrà pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

Ìyá àgbà kú ní àsìkò òjò, nínú yàrá tí páànù wà tẹ́lẹ̀. A kò tíì sunkún tán tí onílé fi dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí a tètè gbé òkú wa kúrò, pé ayálégbé yòókù ń bẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọkọ̀ wá láti ilé kí a lè lọ sin ín síbẹ̀. Bí ọkọ̀ ti gbéra, bàbá mi ní kí awakọ̀ yà sí Sùúrùlérè.

Wọ́n gbé pósí náà gba àárín koríko, wọ́n gbé e sí yàrá ẹ̀yìn yẹn. Òjò ń fín wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bàbá mi bọ́ agbádá rẹ̀, ó fi nù ún, òjò tún ń rọ̀ sí i, ó tún ń nù ún. Ó ní, “Ìyá, ẹ káàbọ̀ o. Ilé yín nìyí.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè wo ojú ọ̀run níbi tó yẹ kí òrùlé wà.

“Àbúrò mi, kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé apá rẹ kò ká a?”

“Ẹ ti gbàdúrà, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe àmín.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ pósí, wọ́n sì gbé e jáde.

Ọdún pẹ́ kí bàbá mi tó rí ilé náà bò, ilé ilẹ̀ náà ló sì padà jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti lọ sílé ọkọ. Irin pẹ́tẹ́ẹ̀sì ṣì yọrí lókè, wọ́n ti dípẹtà. Ààyè àtẹ̀gùn tí kò sí, ìgbálẹ̀ àti àwọn korobá ni a ń kó síbẹ̀, kò sì sí ìgbà tí mo mú ìgbálẹ̀ tí n kò rántí ẹni tí ó ni yàrá náà. Bàbá mi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ilé mọ́. Bí wọ́n bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, á ní kí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Lóde òní, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ilé, ẹ sì lè rí gbogbo yàrá lójú fóònù kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó nínú ọkọ̀ kọjá ní Èkó, irin tó dípẹtà lórí ilé kò tíì tán. Mo máa ń rò ó pé ta ló gbàdúrà níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fi ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lélẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n gbàdúrà, torí èmi ni àgbà. Mo kọ́kọ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi í pé ilé wo ni apá rẹ̀ ká, ó sì sọ fún mi. Èyí tó sọ náà ni mo gbàdúrà fún, ilé ilẹ̀ kékeré, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó lórùlé kí òjò tó dé. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Àdúrà Màmá yìí mà kéré o.” N kò bá a wí. Ojú ọmọ mi ni mo ń wò. Ó ṣe àmín, kò sì mí kanlẹ̀ kó tó ṣe é.