Zipporah Ní Kí Wọ́n Tú Okùn

Nígbà tí àwọn obìnrin mẹ́ta yìí kọ́kọ́ pàdé, kò sí ẹni tó mọ ẹnì kejì rí. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Lomé ló bàjẹ́ sójú ọ̀nà lẹ́yìn Kútọnú, oòrùn sì mú gan-an. Zipporah, ọmọ Ègùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, ní gààrí nínú àpò. Safiyat, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe òróró àgbọn ní Badagry, ní ẹja díndín. Eunice, tíṣà láti Gbaji, kò ní nǹkan kan àfi èdè Faransé, ṣùgbọ́n èdè yẹn ló fi tọrọ omi tútù fún wọn nílé kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kí awakọ̀ tó tún ọkọ̀ ṣe tán, wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Láti ìgbà náà, bí àyè bá ti yọ báyìí, wọ́n á di ẹrù. Wọ́n gun òkè Ìdànrè. Wọ́n lọ sí Obúdú, òtútù ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Safiyat. Wọ́n sin ọkọ, wọ́n fọmọ fọ́kọ, irun wọn funfun, síbẹ̀ wọn kò jáwọ́ nínú ìrìnàjò. Ohun tí wọn kò tíì ṣe rí ni kí wọ́n wọ bàálù lọ sí erékùṣù. Safiyat ló dárúkọ Sáńsíbà, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀, Mubarakah, bí omi ibẹ̀ ṣe mọ́ tó, tí èèyàn ń rí ẹja nísàlẹ̀.

Àwọn tí Safiyat pẹ̀lú wọn jọ ń tajà ní ọjà Agbalata fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Mubarakah, òkun ń bẹ nílé, yanrìn ń bẹ, àgbọn náà sì ń bẹ. Kí lẹ tún fẹ́ lọ wò lọ́hùn-ún?"

"Nílé níbí, bí mo bá rí àgbọn, iṣẹ́ ni mo rí," ni Safiyat dá wọn lóhùn. "Lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn ni yóò là á fún mi."

Ibi tí ètò ti ń lọ dáadáa ni Zipporah ti ṣubú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn aboyún ṣì máa ń ránṣẹ́ pè é. Ó ń bọ̀ láti Gbẹ̀rẹ́fù, ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tó ti lọ gbẹ̀bí. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé èbúté, ọkọ̀ ojú omi yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kejì, ó sì fi ìdí balẹ̀ lórí pákó. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì dùbúlẹ̀ títí òjò fi wá tó sì fi lọ.

Nígbà tó dìde, ọ̀pá ló fi ń rìn. Dókítà ní egungun ti jinná, kó máa rìn, kó má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà gan-an ni kò jinná. Bó bá gbúròó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, òógùn á bò ó. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ máa fi káàkiri àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ ní Sáńsíbà.

Ọláwọlé, àkọ́bí rẹ̀, ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé. Ẹ ti rìnrìn àjò tó."

Zipporah pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílé rẹ̀ ní Ibereko. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Kí ẹ ṣáà bá mi ya fọ́tò wá."

Safiyat bínú dìde, ó tún jókòó. Eunice, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló sọ̀rọ̀.

"Bí o ò bá lọ, a ò lọ. Ṣùgbọ́n a máa lọ. O ti gbọ́ èyí tó kàn ọ́ níbẹ̀."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn létí ọ̀sà láràárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lágbára sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n mú un dé ẹnu ọkọ̀, ó yí padà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Akíndé, ọlọ́kọ̀ tó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Màmá, a ò ní lọ síbì kankan," ló wí. "Mo máa so ọkọ̀ mọ́ òpó, ẹ kàn wá jókòó sínú ẹ̀."

Inú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ yìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jẹ àkàrà àárọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣètò ìrìnàjò wọn. Safiyat fẹ́ ilé tó sún mọ́ mọ́ṣáláṣí. Eunice fẹ́ rí oko kànáfùrù. Zipporah ní òun ò bá ẹnikẹ́ni tí kò gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wọ bàálù. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìgbì ń mi ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, Zipporah kò di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọláwọlé gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì wa mọ́tò wá sí èbúté. Ó dúró lórí pákó, ojú rẹ̀ le.

"Màámi, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Zipporah wo ọmọ rẹ̀. Ó wo òdìkejì omi. Lẹ́yìn náà ló wo Akíndé.

"Akíndé, tú okùn."

Akíndé tú okùn, ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ ṣe fò síwájú, àyà Zipporah já, ó sì dijú. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú. Nígbà tó lajú, èbúté ti jìnnà, Ọláwọlé sì ti kéré bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé ìwé.

Ní Gbẹ̀rẹ́fù, Safiyat nawọ́ sí i.

"Fi mí sílẹ̀," ni Zipporah wí.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí yanrìn. Ó dúró kí ọkọ̀ fara balẹ̀. Ó gbé ti òsì. Ló bá bú sígbe ayọ̀, ó ké ní Ègùn, ó ké ní Yorùbá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sókè bí olórí ogun. Àwọn obìnrin abúlé sáré jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá ọmọ tí Zipporah gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú, ọmọ náà ti ń rìn. "Nọ́ọ̀sì ti dé o!" ni wọ́n ń pariwo.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Ọláwọlé dọ̀bálẹ̀ sórí pákó tòun ti aṣọ iṣẹ́.

"Màámi, ẹ má bínú. Ọjọ́ wo lẹ̀ ń lọ?"

"Lẹ́yìn Iléyá. Safiyat fẹ́ jẹran rẹ̀ nílé ná."

Wọ́n lọ. Bàálù mì nínú ìkùukùu, Safiyat ka gbogbo àdúrà tó mọ̀, Eunice sì sùn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ síbi tí yanrìn funfun ti yọ láàárín òkun, ṣùgbọ́n ìgbì ibẹ̀ ga ju ti ọ̀sà lọ. Ẹ̀rù ba Safiyat, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Zipporah ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Omi mù ún dé orúnkún. Ó yíjú padà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ná," ló wí. "Mo dì ọ́ mú."

Safiyat dì í lọ́wọ́ mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gòkè sórí yanrìn. Ó pẹ́ títí lẹ́yìn náà tí Zipporah ṣì wà nínú omi yẹn, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ìka rẹ̀ hunjọ. Eunice pè é láti orí yanrìn pé ẹja sísun ti délẹ̀.

"Ẹ máa jẹun o," ló ké padà. "Èmi ò tíì ṣetán!"