Ìrèké Tí Mo Fi Ṣe Ọgbà Yí Adágún Ká

Ilé tí a kó lọ ní Bódìjà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ní adágún omi kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Òyìnbó tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ló gbẹ́ ẹ tó sì kó ẹja sí i. Omi náà kò kọjá orúnkún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú wa lórí odò, díẹ̀ nínú wa ló yè é. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kì í fi orúnkún wọn omi.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé kí n pe oníyẹ̀pẹ̀ kó wá dí i?"

Mo wo ilẹ̀ tó yí omi náà ká. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, gbogbo ọgbà àdúgbò ti gbẹ, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì tutù. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù fún ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ fún mi láyè di ìparí òjò," ni mo wí. "Bí ọkàn mi ò bá balẹ̀ nígbà náà, kí ẹ dí i."

Ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa gbé láti apá Ògbómọ̀ṣọ́, kó kókò wá láti ilé. A gbin ín sí etí omi, a gbin gbúre sáàárín àwọn òkúta. Èmi ní tèmi ro ọ̀rọ̀ ààbò: mo gbin ìrèké yí ibẹ̀ ká, kó lè ki bí ògiri, kí ọmọ kankan má rí ọ̀nà dé ibi omi.

Òjò rọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ta bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn sáré. Kí a tó gbàdúrà òwúrọ̀ ni mo ti ń jáde lọ wo èyí tó yọ ewé tuntun. Omi òjò a máa yí lórí ewé kókò bí ìlẹ̀kẹ̀ dígí, èmi a sì máa rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọdé láàárín ìrèké náà. Àwọn ọmọ ará ilé kejì ni. Ọmọbìnrin kan ti ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó ń fa ìrèké tu. Mo ké sí inú ilé. Ìyá ọkọ mi ló lé wọn.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọmọbìnrin náà wí, ìrèké lẹ́nu. "Ó dùn ju ti ọjà lọ ni!"

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó mi! O da oyin sí ẹnu kànga, o wá ní kí eèrà má dé ibẹ̀!"

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, mo ní kí ọkọ mi pe oníyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí típà da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, mo ní kí àwọn lébìrà dúró kí n kọ́kọ́ wú kókò, kó má bàa ṣòfò. Mo fa ìdí àkọ́kọ́, ó jáde pẹ̀lú ọmọ wọ̀ǹtì-wọnti.

"Màmá, ẹ wá wò ó!"

"Irú èyí ni o fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ bò?" ni ìyá ọkọ mi bi mí.

Mo dúró. Kì í ṣe omi ló pe àwọn ọmọ wá, ìrèké mi ni. Kí ni ọmọdé kì í jí jẹ?

"Ewúro!" ni mo pariwo. "Màmá, ewúro!"

Yẹ̀pẹ̀ náà la fi mọ òkìtì gíga yí adágún ká. A gbin ewúro sórí rẹ̀ kó lè ki, a sì fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí i ká níta. A hú ìrèké lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, a sì fi àyè kan sílẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé. "Ẹ ò tíì dí i?"

"A ò dí i mọ́," ni mo wí. "Ẹ wá jẹ kókò."